Ìwé Gbèsè Òṣómàáló: Bí Mo Ṣe Ṣètò Iṣẹ́ Ikọ̀ Àkítẹ́ẹ̀tì Wa n'Iléṣà

Bàbá mi ta aṣọ láwìn káàkiri Èkìtì fún ọdún 22. Òṣómàáló pọ́ńbélé ni. Bí ọjọ́ àdéhùn bá pé, á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà. Kò ní jókòó, kò ní gba omi, àfi kí owó jáde. Ìwé pẹlẹbẹ kan wà tó máa ń há sí abíyá. Nǹkan márùn-ún ló ń kọ sí i: orúkọ, irú aṣọ, iye owó, ọjọ́ tí wọ́n dá, àti ibi tí owó náà yóò ti wá, bóyá iṣu tuntun tàbí àjọ tí ẹni náà fẹ́ kó. Mi ò mọ̀ pé ìwé yẹn ni mo máa padà ṣí nígbà tí wọ́n ní kí n dá ikọ̀ enterprise architecture (àwọn tó ń rí i pé iṣẹ́, détà àti software ilé iṣẹ́ bára mu) sílẹ̀ níbi iṣẹ́, kí n sì kọ operating model rẹ̀, ìyẹn bí ikọ̀ náà yóò ṣe máa ṣiṣẹ́: ta ni yóò wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ wo ni yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ta ló lè pàṣẹ, ta ni yóò gbọ́.

Ilé iṣẹ́ wa ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó ń ta ajílẹ̀ àti oògùn kòkó, ó sì ń yá àgbẹ̀ lówó. Olú ilé iṣẹ́ wà n'Iléṣà, kò jìnnà sí ọjà Atákúnmọ́sà. Ẹ̀ka tó tẹ̀ lé e wà ní Lágere, ní Ifẹ̀. Èèyàn bí 400 ló ń gbowó oṣù níbẹ̀. Bí tiyín bá kéré sí èyí gan-an, ẹ má dá ikọ̀ kankan sílẹ̀. Ẹnì kan tó lórí pípé, tó sì lè sọ pé rárá láì bú èèyàn, ti tó.

Iṣẹ́ wa ni kí a mọ ohun tí ilé iṣẹ́ ń ṣe, détà tí iṣẹ́ náà ń lò, software tó gbé détà yẹn, àti ẹ̀rọ tí software náà jókòó lé, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin má máa ja ara wọn níyàn. John Zachman, tó wà ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí rẹ̀ lọ́dún 1987. TOGAF, ìwé ìlànà bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí, tí ẹgbẹ́ The Open Group ń bójú tó, jáde lọ́dún 1995. Ẹ kà wọ́n. Ẹ má kàn ṣe ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe.

Mo ṣí TOGAF, mo dà á kọ látòkè délẹ̀. Mo yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 14, a ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Fọ́ọ̀mù tí èèyàn máa kún kó tó rí wa jẹ́ ojú ìwé 19. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, kò sẹ́ni tó ń kún un mọ́. Ẹ̀ka Ifẹ̀ ra software tí wọ́n ń so mọ́ òṣùwọ̀n láti fi ka àpò kòkó, wọn ò sọ fún wa. Ẹnu awakọ̀ tó lọ gbé páálí rẹ̀ ni mo ti gbọ́. Inú bí mi, mo pe ọ̀gá ibẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú, kòkó ò lè dúró de ìpàdé yín. Tó bá pẹ́ nínú àpò, á bu.” Ó jàre mi.

Torí náà, ìpinnu ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi àga bẹ̀rẹ̀. Mo kó oṣù mẹ́fà tó ti kọjá jọ, mo kọ gbogbo ìpinnu tó kan software àti détà sílẹ̀, èyí tí wọ́n bi wá àti èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn wa. Ó jẹ́ 43. Ìbéèrè méjì ni mo bi ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí èyí bá bàjẹ́, ṣé a lè yí i padà láàárín oṣù kan? Ṣé ẹ̀ka míì máa jẹ nínú ìyà rẹ̀? Èyí tó ṣeé yí padà, tí kò sì kan ará ibòmíràn, kò ní ohun tó ń wá lọ́dọ̀ wa. 26 ló bọ́ síbẹ̀. 11 wà tó jẹ́ pé kí wọ́n ṣáà fi tó wa létí. Mẹ́fà péré ló yẹ kó wá sórí tábìlì. Mẹ́fà! Mo sì ti kó èèyàn 14 jọ nítorí rẹ̀.

Kí ẹ lè rí irú èyí tó yẹ kó dé orí tábìlì, ẹ wo ọ̀rọ̀ orúkọ àgbẹ̀. Ẹ̀ka tó ń ra kòkó ní àkójọ orúkọ tirẹ̀, ẹ̀ka ẹ̀yáwó ní tirẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ajílẹ̀ ní Ifẹ̀ ní tirẹ̀. Ìyá kan tó ń dáko lọ́nà Ifẹ̀wàrà wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: níbì kan ó ń jẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀, níbì kejì orúkọ bàbá rẹ̀, ibi kẹta kọ “Ìyá Ṣẹ́gun”. A yá a lówó lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni o. Àwa la ò mọ̀ pé ẹyọ ẹnì kan ni. Lọ́dún 1968, Melvin Conway, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, kọ ọ́ pé bí àwọn èèyàn ilé iṣẹ́ bá ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ ni ètò tí wọ́n bá ṣe yóò ṣe rí. Iléṣà sí Ifẹ̀ kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá méjèèjì kì í ríra àfi níbi àsè ìparí ọdún. Àkójọ orúkọ wọn náà kì í ríra.

Software kọ́ ló tún un ṣe. A yan ẹnì kan ṣoṣo tó ni àkójọ àgbẹ̀, ìyẹn ọ̀gá ẹ̀ka tó ń ra kòkó. Ẹ̀ka yòówù tó bá fẹ́ fi orúkọ kún un, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò gbà. Àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba nọ́ńbà tiwa. NIN onínọ́ńbà 11 wà níbẹ̀ kí a lè fi dá èèyàn mọ̀ ni, kì í ṣe ohun tí a ó máa tẹ̀ sára rìsíìtì kiri. Kò pẹ́ tí òkè òkun náà fi ràn wá lọ́wọ́: òfin 2023/1115 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní kí ẹni tó bá fẹ́ kó kòkó wọ ọjà wọn fi ibi tí oko náà wà gan-an hàn, oko náà kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ igbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020. Bí orúkọ ìyá kan bá jẹ́ mẹ́ta, oko ta ni ká sọ pé àpò yẹn ti wá?

Ikọ̀ náà wá ńkọ́? Mẹ́rin ni wá. Ẹnì kan ń bá àwọn tó ń ra kòkó jókòó, ẹnì kan wà lọ́dọ̀ ẹ̀yáwó àti ìṣirò owó, ọmọbìnrin kan ń mójú tó détà àti ààbò, èmi ni ìkẹrin. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọn kì í sí ní ọ́fíìsì wa rárá. Ẹ má fi ikọ̀ yìí sábẹ́ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Àwọn kan á bá mi jiyàn lórí èyí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo ti wà níbẹ̀ rí: bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ti kọṣẹ́, ìwọ ni wọ́n máa pè. Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni mo ń jábọ̀ fún.

Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 14 di ẹlẹ́ni márùn-ún. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́rú, ìṣẹ́jú 45, bí iná wà bí iná ò sí. Ojú ìwé kan ni ọ̀rọ̀ yòówù, ó sì gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ wa lọ́jọ́ Ajé. Láti Ọ̀kítóbà, tí kòkó bá ti ń wọlé dáadáa, ẹ̀ẹ̀mejì là ń pàdé lọ́sẹ̀. Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé ni wọ́n ti ń múná roko: gbogbo iyàn ni kí ẹ ti jà tán láàárín ọjọ́ Ajé sí ìṣẹ́gun, kó jẹ́ pé ìpinnu nìkan ló kù lọ́jọ́rú. Òfin kan tún wà tó dẹ́rù ba ọ̀gá mi nígbà tí mo dá a: bí ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún bá kọjá láì gbọ́ èsì wa, a ti gbà nìyẹn. Òfin yìí ló jẹ́ kí àwọn ará Ifẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí wa.

Ẹ kọ ìpinnu sílẹ̀. Ìlànà tí Michael Nygard, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ software, gbé jáde lọ́dún 2011 là ń lò: àkọlé, ipò tí ọ̀rọ̀ wà, ohun tó fà á, ìpinnu, àti ohun tí yóò tìdí rẹ̀ yọ, dídùn àti kíkan. Ẹnì kan lára wa fẹ́ràn kó máa fi ohùn rán tirẹ̀ lórí WhatsApp. Kò burú, ṣùgbọ́n kó tó di ọjọ́ Ẹtì ó gbọ́dọ̀ di kíkọ.

Ọmọbìnrin tó ń mójú tó détà gbọ́dọ̀ wà nínú márùn-ún yẹn. Òfin Ìdáàbòbò Détà Nàìjíríà ti 2023 ní bí détà bá jò lọ́nà tó lè ṣàkóbá fún àwọn tó ni ín, wákàtí 72 lẹ ní láti fi tó NDPC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó òfin náà, létí, láti ìgbà tí ẹ bá ti mọ̀. Ẹni tí kò mọ ibi tí détà rẹ̀ wà, níbo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72?

Ẹ jẹ́ ká wá sórí gbèsè, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ikọ̀ ti ń kú. Kì í ṣe gbogbo ìgbà lẹ lè sọ pé rárá. Software òṣùwọ̀n tí Ifẹ̀ rà kò bá tiwa mu, ṣùgbọ́n kòkó ń wọlé, a ò lè ní kí wọ́n yọ ọ́. A gbà pé kí wọ́n lò ó, láwìn. Ward Cunningham, òun náà ń kọ software, ló fi irú iṣẹ́ kánjúkánjú báyìí wé gbèsè lọ́dún 1992, mo sì gbà pé kò sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ọ̀rọ̀ náà máa ṣàjèjì sí. Àwìn ò burú. Àwìn tí ẹnikẹ́ni ò lọ gbà ló burú.

Mo wá ṣí ìwé kan bíi ti bàbá mi. Orúkọ ló ṣáájú, orúkọ èèyàn. Bàbá mi kì í kọ “agbo ilé báyìí”, torí agbo ilé kì í san gbèsè. Èmi náà kì í kọ “ẹ̀ka Ifẹ̀”. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí ẹni náà gbà, ohun tí yóò san (ká pa software yẹn tì, tàbí ká so ó mọ́ àkójọ àgbẹ̀), ọjọ́ tó dá, àti ibi tí owó àtúnṣe yóò ti wá. Ibi tí owó yóò ti wá yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fò ó. Bí kò bá sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni, ẹ̀bùn lẹ ṣe, ẹ ò tajà. Ẹ̀ẹ̀kan péré la lè sún ọjọ́ síwájú. Ẹni tó bá sì ti jẹ mẹ́ta, kò sí aṣọ tuntun fún un títí yóò fi san ọ̀kan.

Nígbà tí ọjọ́ Ifẹ̀ pé, ímeèlì mẹ́rin ni mo ti fi ránṣẹ́. Mo wọkọ̀ láàárọ̀, mo dé Lágere kó tó di aago mẹ́sàn-án, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá yẹn. Ó ní kí n wọlé wá jókòó, mo ní rárá. Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín. “Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ lóṣòó ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó di aago méjì ọ̀sán kó tó pe ọmọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́, ó ní kó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta so software náà mọ́ àkójọ àgbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló gbà á.

Ohun tí ẹ óò máa kà kò pọ̀: ọjọ́ mélòó ni ìpinnu kan ń dúró kó tó gbèsì, ìgbà mélòó la gbọ́ pé wọ́n ti ra nǹkan kí wọ́n tó bi wá, software mélòó la pa. Ẹ má ka iye àwòrán tí ẹ yà. Mo ya àwòrán tó gba odindi ògiri lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń dúró níwájú rẹ̀ ya fọ́tò.

Ìlà mẹ́ta ló ṣì ṣí sílẹ̀ nínú ìwé náà báyìí. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀yáwó, ọ̀kan jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù ajílẹ̀. Ìkẹta, orúkọ mi ló wà níbẹ̀: àwòrán ilẹ̀ oko àwọn àgbẹ̀ ṣì wà nínú fáìlì Excel kan lórí kọ̀ǹpútà mi, mo sì ti sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ 15 oṣù tó ń bọ̀ ló pé. Ọmọbìnrin tó ń mójú tó détà ti ń sọ kiri ọ́fíìsì pé eékún òun le dáadáa.