Ìwé Kan Tó Jẹ Ọ̀sẹ̀ Méjìlá Mọ́ Mi Lọ́wọ́ ní Granada

Ọ̀sẹ̀ 20 ni mo sanwó fún ní Granada, ìlú kan ní Sípéènì. Ọ̀sẹ̀ 8 péré ni mo fi rí àwọn ọmọ tí mo torí wọn kúrò ní Ìkòròdú. Inú ṣì ń bí mi, mi ò sì ní fi bò.

Olùkọ́ nọ́sìrì ni mí, ó ti pé ọdún 9 tí mo ti ń ṣe é ní Ìgbógbó. Ohun tí mo fẹ́ ò le rárá: kí n máa kọ́ èdè Sípáníìṣì láàárọ̀, kí n máa bá wọn tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ lọ́sàn-án láìgba kọ́bọ̀, kí n lè gbọ́ èdè náà lẹ́nu àwọn ọmọ fúnra wọn. Ajẹ́ńtì kan ní Sábó gba ₦350,000 lọ́wọ́ mi, owó ilé ẹ̀kọ́ ò sí níbẹ̀ o. Ó ní iye tó ń gbà láti bá èèyàn wá ibi iṣẹ́ ọmọdé nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi í bóyá ìwé kan wà tó yẹ kí n mú dání nítorí àwọn ọmọ. "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. Ta ní ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣoore?"

Ọ̀rọ̀ físà ò gba àlàyé. Ìwé báńkì, ìwé ilé ẹ̀kọ́, ìbánigbófò, ibi tí èèyàn máa dé sí. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ̀ ọ́n. Ohun kan ni kí ẹ ṣàkíyèsí: tí ẹ̀kọ́ yín ò bá ju oṣù 6 lọ, wọn kì í béèrè ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá kí wọ́n tó fún yín ní físà Sípéènì. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni wàhálà mi fara pamọ́ sí.

Ọjọ́ kẹta tí mo dé Granada, mo lọ síbi tí wọ́n ti ń mójú tó àwọn ọmọ ọdún 3 sí 5 lẹ́yìn ilé ìwé. Obìnrin tó ń darí ibẹ̀ fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó ní kí n mú ìwé mi wá. Ìwé wo? Àṣé láti ọdún 2015 ni òfin Sípéènì ti sọ pé ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ mọ́ ọmọdé, ìbáà gbowó, ìbáà má gbowó, gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá pé ilé ẹjọ́ ò dá òun lẹ́bi rí lórí ìfipábánilòpọ̀ àti irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún èèyàn ní ìwé yìí níbẹ̀. Àmọ́ àlejò gbọ́dọ̀ tún mú ìwé ọlọ́pàá wá láti ìlú rẹ̀, kí wọ́n ti lù ú lóǹtẹ̀, kí wọ́n sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí Sípáníìṣì.

Òfin náà dára. Ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń tọ́, ì bá wù mí kí irú rẹ̀ wà ní gbogbo nọ́sìrì tó wà láti Àgric dé Ìjẹ̀dẹ̀. Ẹni tí mò ń bá bínú ni ẹni tó gbowó iṣẹ́ ọmọdé, tí kò mọ ohun tí iṣẹ́ ọmọdé ń béèrè, tàbí tó mọ̀ tó sì dákẹ́.

Ká ní ilé ni mo wà, mà bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpàkodò lọ sí Fálómo, kí n gba ibẹ̀ dé ọ́fíìsì ọlọ́pàá ní Alágbọn, ní Ìkòyí, kí wọ́n tẹ̀ mí níka. Granada ni mo wà. Àbúrò mi lè bá mi tò sórí ìlà, kò lè bá mi tẹ̀ka.

Àgọ́ ọlọ́pàá àkọ́kọ́ tí mo dé, wọ́n ní àwọn kì í tẹ ìka ẹni tí wọn ò fẹ̀sùn kàn. Èdè tó wà lẹ́nu mi nígbà yẹn ò ju kí n kí èèyàn, kí n sì dúpẹ́ lọ, n ò lè ṣàlàyé ara mi. Ìyá tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ló tẹ̀ lé mi lọ sí àgọ́ kejì. Wọ́n fi yíǹkì dúdú tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Mo fi ránṣẹ́ sílé, yúrò 58. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí àbúrò mi tó pè. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní àtàǹpàkò ọ̀tún yín ò hàn. Ó dà bíi pé ọwọ́ yín yọ̀ lórí ìwé." Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Nítorí àtàǹpàkò kan, a tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀: àgọ́ ọlọ́pàá, yíǹkì, yúrò 58 mìíràn. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ojú ìwé mẹ́ta ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tẹ̀ fún mi, kí wọ́n lè mú èyí tó bá mọ́ jù.

Ìwé jáde, mo yọ̀, mo rò pé ó ti parí. Nàìjíríà ò sí nínú àdéhùn òǹtẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní apostille, nítorí náà òǹtẹ̀ méjì ni ìwé tiwa ń gbà: ti ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sọ́rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, lẹ́yìn náà ti ọ́fíìsì aṣojú Sípéènì. Àbúrò mi, télọ̀ tí aṣọ Iléyá àwọn èèyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ ọkọ̀ òru lọ sí Àbújá nítorí mi. Ó padà wá sí Èkó, ó tún ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa dá fún un. Nígbà tí ìwé náà dé ọwọ́ mi, mo tún fún atúmọ̀ èdè tí ìjọba Sípéènì fọwọ́ sí ní yúrò 45 lórí ojú ìwé kan. Ọ̀sẹ̀ 12 ti lọ.

Láàárọ̀ ṣá, mi ò fi kíláàsì ṣeré. A, e, i, o, u wọn ò yàtọ̀ sí tiwa, olùkọ́ sì sọ lójú gbogbo kíláàsì pé ẹnu mi mọ́ ju ti àwọn ará Jámánì tá a jọ jókòó. Ohun tó dà mí láàmú ni pé tábìlì jẹ́ abo, ìwé jẹ́ akọ. Ta ló yẹ̀ wọ́n wò?

Ọjọ́ tí mo wọlé sáàárín àwọn ọmọ náà, gbogbo gírámà mi ò ràn mí lọ́wọ́. Ọmọ kan ṣubú, ó sáré wá bá mi, "Pupa! Pupa!" Kò sí nínú ìwé mi. Ibi tó bá ń dun ọmọdé lára ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mocos ni ikun imú, pis ni ìtọ̀, me toca ni "èmi ló kàn." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn ni mo fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n tún ń gé s jẹ ní ìparí ọ̀rọ̀, dos (ìyẹn méjì) ti kíláàsì wá di do lẹ́nu tiwọn. Orúkọ mi lásán ni àwọn kan ń pè, láìfi nǹkan kan ṣíwájú rẹ̀, ó dùn mí díẹ̀. Àwọn yòókù ń pè mí ní seño, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ wọn. Mo kọ́ wọn ní ẹkùn mẹ́ran. Ọmọ Granada bíi méjìlá di ara wọn láṣọ mú lẹ́yìn, wọ́n ń ké "mẹ́ẹ̀" kíkankíkan, ìyá tó wá mú ọmọ rẹ̀ dúró ń wò wọ́n. Lọ́jọ́ kan mo sọ pé la mapa, mo pe máàpù ní abo, akọ sì ni. Ọmọ ọdún 4 kan wò mí lójú: "El mapa, seño." Láti ọjọ́ náà mi ò ṣì í mọ́.

Ẹ ò wá rí i pé ọ̀sẹ̀ 12 irú nǹkan báyìí ló lọ lọ́wọ́ mi?

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó gba ìwé ọlọ́pàá kó tó kúrò nílé, bí wọn ò tiẹ̀ béèrè rẹ̀ fún físà, kó sì gba òǹtẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú. Kó kọ́ ọ̀rọ̀ àṣẹ kó tó kọ́ ohunkóhun: wá, jókòó, rọra, fún mi lọ́wọ́ rẹ. Kó jẹ́ kí ajẹ́ńtì kọ gbogbo ìwé tí wọ́n máa béèrè sílẹ̀, kó buwọ́ lù ú.

Mi ò gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ tèmi. Ọ̀sẹ̀ tí mo padà dé sílé, mo gbé aṣọ àti bàtà lọ fún àbúrò mi, mo gba Sábó kọjá. Ajẹ́ńtì náà ní, "Àǹtí, ẹ ṣáà rí àwọn ọmọ náà níkẹyìn." Mo jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ti dá ₦150,000 padà. Ó ku ₦200,000, mo sì ti sọ fún un pé ọjọ́ Ajé ni mò ń bọ̀.