Bí ìfitónilétí bá dé láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó gba ìkànnì yín sílé

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀yin ni lẹ́tà náà tiẹ̀ ń bá. Ó wọ́pọ̀ ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ pé ọ̀dọ́ kan ló bá ilé-ìwé, ẹgbẹ́ tàbí ṣọ́ọ̀bù ṣe ìkànnì, tó sì fi ímeèlì àti fóònù tirẹ̀ ṣí àkáǹtì. Bí ilé-iṣẹ́ bá kọ̀wé pé àwọn fẹ́ tún sáfà (kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé) ṣe, tàbí pé owó orúkọ ìkànnì (èyí tó ń parí sí .com tàbí .org) ti tó san, ọ̀dọ̀ ọmọ náà ló ń lọ. Bó bá ti bá iṣẹ́ lọ sí Èkó ńkọ́? Kò sẹ́ni tó máa kà á.

Torí náà, ẹ wọ àkáǹtì yín, kí ẹ wo ibi mẹ́ta: orúkọ ẹni tó ni ín, ímeèlì, àti nọ́ńbà fóònù. Orúkọ yín tàbí ti ẹgbẹ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá yín ṣe é lè ní àyè ìwọlé tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó má sì jẹ́ òun ni onílé. Ímeèlì náà kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó so mọ́ orúkọ ìkànnì kan náà, torí pé bí owó orúkọ bá tán, ímeèlì náà lè kú, ibẹ̀ sì ni wọn ì bá fi ọ̀nà àbáwọlé tuntun ránṣẹ́ sí.

Ti fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà fóònù ní Bẹ̀nẹ̀ ti kúrò ní díjíìtì mẹ́jọ, ó ti di mẹ́wàá: 01 ló ṣáájú gbogbo wọn. Àkáǹtì tí ẹ bá ti ṣí kí ó tó di ìgbà yẹn lè ṣì ní nọ́ńbà àtijọ́, kóòdù tí wọ́n bá fi SMS ránṣẹ́ kò sì ní dé. Ẹ tún un kọ: +229 01, kí díjíìtì mẹ́jọ ti tẹ́lẹ̀ wá tẹ̀lé e. Ẹ ṣe é nígbà tí ẹ ṣì lè wọlé.

Aago ta ni wọ́n kọ?

Ìfitónilétí àtúnṣe sáfà sábà máa ń sọ wákàtí ní UTC (aago àgbáyé) tàbí ní ti Faransé. UTC+1 ni Bẹ̀nẹ̀ wà yípo ọdún, a kì í yí aago. 01:00 UTC jẹ́ aago méjì òru lọ́dọ̀ wa. Aago Faransé bá tiwa dọ́gba nígbà òtútù wọn, àmọ́ láti ìparí oṣù kẹta títí dé ìparí oṣù kẹwàá, wọ́n fi wákàtí kan ṣáájú wa. Láàárín àkókò tí wọ́n dá, ẹ má gbé fáìlì sókè, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe kankan: fáìlì tó já láàárín méjì ló ń ba ìkànnì jẹ́.

Bí àkókò náà bá kọjá tí ìkànnì kò ṣí, ẹ ka ojú-ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ń sọ ipò sáfà, kí ẹ sì fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn dán an wò, láti MTN sí Moov tàbí Celtiis. Ní oṣù kẹta ọdún 2024 tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn tó kàn. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, sáfà lè wà láàyè ní Faransé kí ẹ̀yin má rí i.

Lẹ́tà jìbìtì

Faransé tó dán ni wọ́n fi ń kọ ọ́: «Dernier rappel : votre nom de domaine expire» (ìránnilétí ìkẹyìn: orúkọ ìkànnì yín ń parí). Owó tí wọ́n ń bèèrè kì í pọ̀, kó má baà kọ yín lóminú. Ojú-ìwé tó ṣí á gba nọ́ńbà káàdì, lẹ́yìn náà á bèèrè kóòdù tí báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́. Kóòdù yẹn gan-an ni wọ́n ń wá.

Orúkọ tó hàn lókè lẹ́tà kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́. Àdírẹ́sì líǹkì ni kí ẹ wò: ẹ wá àmì / àkọ́kọ́ lẹ́yìn orúkọ (kì í ṣe // ti https://), kí ẹ sì kà á láti ibẹ̀ padà sẹ́yìn. Nínú agbalejo.com.example.net, example.net ló ni ín, agbalejo.com kàn wà níbẹ̀ láti fi dọ́gbọ́n ni. Lórí fóònù, ẹ tẹ líǹkì mọ́lẹ̀ pẹ́ láìṣí i, àdírẹ́sì á hàn. Ohun tó tún rọrùn jù ni pé kí ẹ pa lẹ́tà náà dé, kí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́, kí ẹ wo ìwé owó nínú àkáǹtì. Fún .com tàbí .org, lookup.icann.org á sọ ọjọ́ tí orúkọ yóò parí. Bí ọjọ́ náà bá ṣì jìnnà, irọ́ ni lẹ́tà yẹn.

Bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ má fi falẹ̀. Orúkọ .com tó bá ti parí tí ilé-iṣẹ́ sì pa á rẹ́, ó ní ọjọ́ 30 tí ẹ fi lè rà á padà ní owó tó ga gan-an, lẹ́yìn náà ọjọ́ 5, lẹ́yìn èyí ẹnikẹ́ni lè mú un.

Nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ pààrọ̀ PHP

Èyí ni lẹ́tà tí àwọn èèyàn ń sún síwájú jù, òun ló sì yẹ ká kà jù. PHP ni èdè tí wọ́n fi kọ ètò tó ń gbé ọ̀pọ̀ ìkànnì jáde, bíi WordPress. PHP 7.4 kò gba àtúnṣe ààbò mọ́ láti oṣù kọkànlá ọdún 2022, 8.0 láti oṣù kọkànlá ọdún 2023, 8.1 láti ìparí ọdún 2025. Ihò tí wọ́n bá rí lẹ́yìn ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló máa wà.

Ẹ gba ẹ̀dà fáìlì àti ẹ̀dà database (ibi tí ọ̀rọ̀ inú ìkànnì wà), méjèèjì. Ẹ sọ WordPress, àwọn plugin (ètò àfikún) àti theme (ìrísí ìkànnì) di tuntun kí ẹ tó fọwọ́ kan PHP. Ẹ wá yí i nínú cPanel (ojú-ìwé tí ẹ fi ń ṣàkóso sáfà), ní MultiPHP Manager, kí ẹ sì dán ojú-ìwé àkọ́kọ́, fọ́ọ̀mù àti ibi ìsanwó wò. Bí ojú-ìwé bá funfun báláú, ó sábà máa ń jẹ́ pé plugin àtijọ́ kan ń pe ohun tí PHP 8 ti yọ kúrò, bíi create_function tàbí each. Ẹ dá a padà sí ti tẹ́lẹ̀, ẹ pààrọ̀ plugin náà, kí ẹ tún un gbìyànjú. Kí ẹ má kàn dá a padà, kí ẹ wá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ní ti ẹ̀dà ìpamọ́: ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2021, iná jó ilé sáfà OVHcloud ní Strasbourg. Àwọn tí ẹ̀dà wọn wà nínú ilé kan náà pàdánù méjèèjì. Kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ yín, lórí dísíìkì tí ẹ máa ń yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà.

Kọ́kọ́rọ́, àti bí olè bá ti wọlé

Ẹ fi áàpù tó ń yí kóòdù ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 ti àkáǹtì. Ó sàn ju SMS lọ. Bí kóòdù rẹ̀ bá ń kọ̀, ẹ wò ó bóyá aago fóònù yín tọ̀nà. Ẹ tẹ àwọn kóòdù ìgbàpadà sórí ìwé. Bí ẹ bá ń gbé fáìlì lọ sórí sáfà, SFTP ni kí ẹ lò, kì í ṣe FTP tó ń gbé ọ̀rọ̀ aṣínà lọ ní gbangba. Ní ti nọ́ńbà tó ń sọ ẹni tó lè ka fáìlì tàbí kọ ọ́: fáìlì 644, fódà 755, wp-config.php (fáìlì WordPress tí ọ̀rọ̀ aṣínà database wà nínú rẹ̀) 600 tàbí 640. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi 777 (tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti kọ ọ́) sí i kí ó lè ṣiṣẹ́, ẹ má gbọ́ tirẹ̀.

Bí wọ́n bá ti wọlé, ẹ kọ́kọ́ gba àkọsílẹ̀ sáfà sọ́dọ̀, torí kì í pẹ́ parẹ́, ẹ sì máa nílò rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ sun CNIN, ilé-iṣẹ́ ìjọba Bẹ̀nẹ̀ tó ń ṣèwádìí ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára. Lẹ́yìn náà, láti orí kọ̀ǹpútà tó mọ́, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà: ímeèlì ṣáájú, lẹ́yìn náà àkáǹtì sáfà, SFTP, database, WordPress. Bí ẹ bá yí ti database, ẹ kọ tuntun náà sínú wp-config.php lójú ẹsẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìkànnì kò ní rí database rẹ̀ mọ́. Ẹ yí àwọn kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ inú fáìlì yẹn pẹ̀lú, ìyẹn ló ń lé ẹni tó ti wà nínú ilé síta.

Ẹ dá ìkànnì padà láti inú ẹ̀dà tó ṣáájú ìkọlù. Ẹ wá wo wp-content/uploads: fáìlì .php kò ní iṣẹ́ kankan láàárín àwòrán. Ẹ wo àwọn alábòójútó tí ẹ kò mọ̀, iṣẹ́ cron (èyí tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní àkókò tí a dá), àti ètò tó ń darí ímeèlì yín sí ibòmíràn. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ń fa kí olè tún padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, torí lẹ́tà àtúnṣe ọ̀rọ̀ aṣínà ṣì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.