Ẹ wo òkun kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì: bí a ṣe ń kó ọmọ lọ bíìṣì láti London

"Omi dà?" Ohun tí màmá mi kọ́kọ́ sọ nìyẹn nígbà tá a dé Southend, ìlú etí òkun kan ní Essex. A ti jí láago 6, a wọ tíréènì ní Fenchurch Street, bíi wákàtí kan la fi jókòó, ọmọ mẹ́rin, àgbà mẹ́ta, kúlà kan, a sọ̀ kalẹ̀, a rìn dé etí òkun, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ la bá níbẹ̀. Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ lọ súà, àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ẹ̀ bí ewúrẹ́ tó ń sùn. Màmá so ìborùn wọn le, wọ́n wojú mi, wọ́n ní "Òkun tẹ́ ẹ ní ká wá wò rèé? Ta ló wá gbé omi ẹ̀ lọ?"

Kì í ṣe pé ibẹ̀ ò dáa o, èmi ni mi ò wádìí. Òkun tiwa l'Ékòó, ìyàtọ̀ ìgbà tó kún àti ìgbà tó fà ò ju nǹkan bíi mítà kan lọ, ìdí nìyẹn tí ọmọ Èkó ò fi ń ronú ẹ̀, ó wù wá láti lọ Elegushi, a wọ mọ́tò, ó tán. Apá Essex àti Kent ò rí bẹ́ẹ̀. Omi ibẹ̀ lè fi ju mítà 4 gòkè kó tún sọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ilẹ̀ Southend sì tún tẹ́ pẹrẹsẹ, tó bá fà ó lè lọ tó máìlì kan. Wọ́n ní pier kan níbẹ̀, afárá gígùn tó wọ inú òkun lọ, ó ju kìlómítà 2 lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé fáàrí ni wọ́n fi ṣe, àfi ìgbà tó yé mi pé láyé àtijọ́ ọkọ̀ ojú omi ò lè dé etí ilẹ̀ torí pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ yẹn, àwọn èèyàn ló ní láti lọ bá omi.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ tó se ẹyin, ẹ tẹ orúkọ ìlú náà pẹ̀lú "tide times", ìyẹn àsìkò tí òkun máa kún àti èyí tó máa fà, sórí Google. Lójúmọ́, òkun sábà máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì, á sì fà lẹ́ẹ̀mejì, bíi wákàtí 6 ló wà láàárín kíkún àti fífà. Ó máa ń sún síwájú ní bíi ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́, torí ẹ̀ time tí ọ̀rẹ́ yín lò lọ́sẹ̀ tó kọjá ò bá tiyín mu. Tó bá jẹ́ Southend, ẹ débẹ̀ bíi wákàtí 2 kó tó kún. Brighton ńkọ́? Òkúta ni gbogbo ilẹ̀ ẹ̀, mi ò ní kó ọmọ ọdún 3 lọ síbẹ̀ láéláé.

Margate ní Kent làwa ń lọ báyìí. Yanrìn ni, yanrìn gidi, láti tíréènì dé orí ẹ̀ ò ju ìrìn ìṣẹ́jú 5 lọ, màmá pàápàá rìn ín láì jókòó sinmi. Tíréènì tó yá láti St Pancras máa ń lò tó wákàtí kan àbọ̀, ti Victoria máa ń pẹ́ díẹ̀ ṣùgbọ́n owó ẹ̀ máa ń rọjú jù. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5 ò san kọ́bọ̀, ọdún 5 sí 15 ń san ìdajì, tí àgbà bá ti tó mẹ́ta tí ẹ jọ ń lọ, ẹ béèrè GroupSave, wọ́n máa yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò lórí tíkẹ́ẹ̀tì off-peak, ti ìgbà tí èrò ò pọ̀. Ọdún méjì la fi san owó gidi kí àbúrò mi tó gbọ́ nípa ẹ̀, ó ṣì ń dùn mí.

Ní Margate, a máa ń fẹ́ dé nígbà tí òkun bá fà, kó máa padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Yanrìn máa fẹ̀, àwọn ọmọ máa kọ́ ilé yanrìn, wọ́n á wá dúró máa wò ó bí omi ṣe ń bọ̀ wá wó o, wọ́n gbádùn ìyẹn ju wíwẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ibi tẹ́ ẹ máa tẹ́ ẹní sí ṣe pàtàkì: ẹ wá ibi tí koríko òkun gbígbẹ tò sí lórí yanrìn bí ìlà, omi dé ibẹ̀ nìyẹn nígbà tó kún gbẹ̀yìn, ẹ kọjá ẹ̀ sókè dáadáa. Àwọn tí ò mọ̀, tó bá di ọ̀sán, ẹ máa rí wọn tí wọ́n ń gbé bàtà sá.

Ti inú omi. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ wọ omi níbi tí kò sí lifeguard, àwọn tó ń dóòlà ẹni tó bá fẹ́ rì. Ẹ wá àsíá tó ní pupa lókè, yẹ́lò nísàlẹ̀, méjì ni wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀, àárín méjèèjì ni kí ọmọ wà, torí ibẹ̀ làwọn lifeguard ń ṣọ́. Tẹ́ ẹ bá rí àsíá pupa nìkan, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ omi, ẹ má bá wọn jiyàn. Àwọn nǹkan oníróbà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, pẹ́pẹ́yẹ, dónọ́ọ̀tì, gbogbo ẹ̀, ẹ fi í sílé, afẹ́fẹ́ tó bá ń ti ilẹ̀ fẹ́ sí òkun máa gbé e lọ kẹ́ ẹ tó ké. Ẹ kọ́ ọmọ pé tó bá rẹ̀ ẹ́ nínú omi, kó má jà, kó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kó nawọ́ nasẹ̀, kó mí, kó tó pariwo pe èèyàn. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 999, ẹ ní Coastguard lẹ fẹ́, àwọn tó ń gbani lójú òkun. Mo tún máa ń fi báírò kọ nọ́ńbà fóònù mi sí ọrùn ọwọ́ kálukú wọn.

Òtútù ńkọ́! Nínú oṣù kẹjọ, tí oòrùn ń ràn, omi ibẹ̀ sábà máa ń wà ní nǹkan bíi dígírì 18 péré, omi tiwa l'Ékòó sì sábà máa ń ju 25 lọ. Ọmọ ò ní sọ pé òtútù ń mú òun o, eyín á ti máa gbá ara wọn kẹ̀kẹ̀kẹ̀, á ṣì ní "Mummy, five minutes." Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó jáde, ẹ nù ún gbẹ, ẹ wọ súwẹ́tà fún un, ẹ fún un ní Mílò gbígbóná látinú fláàsì. Ẹ sì fi sunscreen SPF 30 pa á lára, ẹ má gbọ́ tẹni tó ní oòrùn kì í jó adúláwọ̀, ẹ̀yìn ọrùn ọmọ àbúrò mi ló jó tó bó.

Ó wá kan oúnjẹ. Mo mọ̀ pé wọ́n máa bú mi, ṣùgbọ́n ẹ má gbé jọ̀lọ́ọ̀fù lọ. Ìrẹsì sísè tó bá wà nínú ooru fún wákàtí mélòó kan, kòkòrò tó ń da inú rú máa ń hù nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ tiẹ̀ tún gbé e kaná pàápàá, májèlé tó ti fi síbẹ̀ ò ní lọ. Ọbẹ̀ ńkọ́, afẹ́fẹ́ kan péré, yanrìn ti di ìyọ̀. Ohun tí ọwọ́ kan lè mú tí ò ń kán sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé: ẹyin sísè, búrẹ́dì Agége tẹ́ ẹ fi sàdíìnì sí láàárín, mítípáì, pọ́f-pọ́f, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí bàrà (watermelon) tẹ́ ẹ ti gé nílé. Ọba gbogbo ẹ̀ ni mọ́ínmọ́ín eléwé. Ewé ẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn ìyá wa ní Rye Lane ní Peckham, inú fríìsà ni wọ́n máa ń mú un jáde. Alẹ́ tó ṣáájú ni mo máa ń sè é, tó bá tutù ó wọ fríìjì mọ́jú, láàárọ̀ ó wọ kúlà tòun tewé, kò sí yanrìn tó lè wọ inú ẹ̀, kò sí abọ́ kankan láti fọ̀. Yìnyín ńkọ́, ẹ má ra á: ẹ fi ìgò omi 4 sínú fríìsà lálẹ́, ẹ tò ó yí oúnjẹ ká, nígbà tó bá fi di ọ̀sán ó ti yọ́, omi tútù tẹ́ ẹ máa mu nìyẹn.

Ẹ wá ṣọ́ra fún àwọn ẹyẹ funfun ńlá yẹn, seagull. Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 6, mú pọ́f-pọ́f dání, ó ń fi ọwọ́ yẹn ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún màmá. Ẹyẹ gba ẹ̀yìn ẹ̀ bọ̀ láì dún rárá, ìyẹ́ ẹ̀ kan etí ọmọ náà fẹ́rẹ́, ó ti lọ. Ọmọ kọ́kọ́ wo ìka ara ẹ̀, ó wo òkè, ló bá fariwo bọnu. Màmá bọ́ bàtà kan, wọ́n jù ú sẹ́yẹ, bàtà bọ́ sórí táwẹ̀lì àwọn òyìnbó kan, èmi ni mo lọ tọrọ àforíjì. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń gbà wá, nítorí náà ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri jókòó, ẹ máa ṣí oúnjẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ da aṣọ bo ìyókù. Tẹ́ ẹ bá tẹjú mọ́ ọn, ó máa ń lọ́ra.

Òjò máa rọ̀, ó kéré tán ìṣẹ́jú 20. Turner Contemporary, ilé àwòrán ńlá tó wà létí òkun yẹn, ọ̀fẹ́ ni wíwọlé ẹ̀, ibẹ̀ la máa ń sá sí. Àwòrán tí màmá tìtorí òjò wò níbẹ̀ ti pọ̀ ju èyí tí wọ́n wò látọjọ́ tí wọ́n ti dáyé lọ.

Tó bá di àtilọ, ẹ má fi omi fọ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ, ṣe ni yanrìn á tún lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ da páúdà ọmọ sí i, ẹ fọwọ́ gbọ̀n ọ́n, gbogbo ẹ̀ máa ṣí dànù. A kì í tètè kúrò, torí tíréènì aago 5 máa ń kún fọ́fọ́, a máa ń dúró títí oòrùn á fi wọ̀ sínú omi níwájú wa. Nígbà yẹn màmá ti fi ìborùn wé orí, mọ́ínmọ́ín tó kù wà lórí itan wọn, wọ́n sì ti ń béèrè lọ́wọ́ mi pé aago mélòó ni òkun máa kún ní Saturday tó ń bọ̀.