Tírọ́ìdì àti àyẹ̀wò ara fún iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà: ohun tó yanjú tèmi

Bí o bá ń lo oògùn levothyroxine lójoojúmọ́ nítorí tírọ́ìdì (ẹṣẹ́ kan tó wà ní ọrùn) tí kò ṣiṣẹ́ tó, tí wọ́n sì dá fáìlì rẹ dúró níbi àyẹ̀wò ara, bó ṣe rí fún èmi náà nìyẹn.

Mo kọ́kọ́ mú lẹ́tà dókítà lọ pé ara mi le. Wọ́n ní kò tó. Mo kó ìwé ilé oògùn lọ. Ìyẹn kàn fi hàn pé mò ń ra oògùn ni. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí n má dárúkọ oògùn rárá. Mo kọ̀, torí wọ́n ń rí àkọsílẹ̀ ìlera ẹni lórí kọ̀ǹpútà, irọ́ níbẹ̀ sì lè di ẹjọ́.

Ìgbà tí mo ka ìlànà ìlera tí ilé-iṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà fi ń gba èèyàn sí iṣẹ́ ológun fúnra mi, DoDI 6130.03, ni ojú mi là. Àìsàn yìí ń dá èèyàn dúró lóòótọ́, àfi bí kò bá sí àmì rẹ̀ lára mọ́, tí èsì TSH (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bí tírọ́ìdì ṣe ń ṣiṣẹ́) láàárín oṣù 12 tó kọjá sì dára. Nọ́ńbà ni wọ́n ń wá! Mo lọ ṣe TSH tuntun, mo gba èsì náà pẹ̀lú ọjọ́ lórí rẹ̀, dókítà sì kọ ìwọ̀n oògùn mi àti pé kò sí àmì kankan. Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n jẹ́ kí n kọjá.

Mi ò lè ṣèlérí fún ẹlòmíì o. Ìtọ̀ ṣúgà ní tirẹ̀ ń fẹ́ ìyọ̀ǹda àkànṣe, ẹ̀ka ológun kọ̀ọ̀kan ló sì ń pinnu tirẹ̀. Wọ́n tún máa ń ṣàtúnṣe ìlànà yìí, nítorí náà ka èyí tó jáde kẹ́yìn.