Lọ́fíńdà èso àti òdòdó: ẹ má tètè sanwó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá fẹ́ ra lọ́fíńdà tó ń ta sánsán bí èso àti òdòdó, àmọ́ tí òórùn ilẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ṣèdájọ́. Òórùn èso yẹn kì í pẹ́ fò lọ, bí ìṣẹ́jú 15 sí 30 ni. Òdòdó á wá gbapò rẹ̀. Ohun tí ẹ máa gbé kiri títí dalẹ́ ni ti ìsàlẹ̀: ewé patchouli tàbí gbòǹgbò vetiver, tó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

Torí náà, ẹ fín in sí ọrùn ọwọ́ kan, kì í ṣe sórí bébà nìkan, torí bó ṣe ń rùn lára ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì. Ẹ má fi ọwọ́ kejì ra á, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Kí ẹ wá máa bá tiyín lọ, kí ẹ tún gbóòórùn rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 4. Ẹni tó ń tà á lè máa wò yín bí ìran. Ẹ jẹ́ kó máa wò. Bí ìsàlẹ̀ yẹn ò bá bá yín lára mu, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kí èso rẹ̀ dùn tó.

Bí ẹ bá ti rà á, ẹ kọ́kọ́ fi ìpara tí kò lóòórùn pa ara. Awọ gbígbẹ kì í di òórùn mú pẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún aṣọ funfun o, ó lè dápàá sí i. Ẹ má sì gbé ìgò síbi tí oòrùn ń pa: òórùn èso ló máa kọ́kọ́ bà jẹ́.