Ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wà nílẹ̀, wọ́n tún ń gba owó orí lọ́wọ́ mi

Ìbéèrè: Mo ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí owó orí tí wọ́n bù fún mi, mo sì pè é kí àkókò tó kọjá. Báńkì wá ní àwọn agbowó-orí ti gbẹ́sẹ̀ lé àkáǹtì mi. Ṣé wọn ò mọ̀ pé ẹjọ́ wà nílẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Wọ́n lè mọ̀ dáadáa. Ìwé ẹjọ́ ọ̀tọ̀, àṣẹ ìdádúró, èyí tó ń dá gbígba owó náà dúró, ọ̀tọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ẹjọ́ pípè nìkan kì í di agbowó-orí lọ́wọ́. Ẹ ní láti kọ̀wé ọ̀tọ̀ láti tọrọ ìdádúró. Amẹ́ríkà yàtọ̀ díẹ̀: ẹni tó bá gbé ẹjọ́ lọ sí Tax Court, ilé-ẹjọ́ owó orí níbẹ̀, láàárín 90 ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé gbèsè ránṣẹ́ sí i, òfin fúnra rẹ̀ ló ń dá wọn dúró. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ọ̀rọ̀ owó orí lórí owó tó ń wọlé kàn gbọ́dọ̀ tọrọ ìdádúró lọ́wọ́ HMRC, ilé iṣẹ́ tó ń gba owó orí níbẹ̀. Ti VAT ibẹ̀, owó orí lórí ọjà, tún le jù: ẹ ó san án kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ yín, àfi bí ẹ bá fi hàn pé yóò ni yín lára.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú gba ilé-ẹjọ́ gíga lọ?

Ìdáhùn: Rárá o. Ohun tí adájọ́ máa kọ́kọ́ bi yín ni bóyá ẹ ti bẹ òṣìṣẹ́ owó orí wò. Ẹ bẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì gba èsì rẹ̀ lákọsílẹ̀.

Ìbéèrè: Mo bẹ̀ ẹ́, ìlà méjì péré ló fi kọ̀ fún mi.

Ìdáhùn: Kí ni ẹ kọ sí i? Ọ̀pọ̀ ènìyàn kàn ń kọ “kò sówó lọ́wọ́ mi”, ó parí. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń wò: ṣé ẹjọ́ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nínú ẹ̀yin àti ìjọba, ta ni ìyà máa jẹ jù, ṣé ohun tó máa bàjẹ́ kò ní ṣeé tún ṣe bí ẹ bá tilẹ̀ jàre lọ́la. Ẹ so ìwé àkáǹtì, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ àti gbèsè yín mọ́ ọn. Ẹ̀bẹ̀ tí kò ní ìwé lẹ́yìn, wọn kì í kà á sí. Bí ìlà méjì yẹn ò bá sọ ìdí kankan, ìyẹn gan-an lè di ohun ìjà yín níwájú adájọ́.

Ìbéèrè: Íńdíà ni mo wà. Òṣìṣẹ́ ní kí n san ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí à ń jiyàn lé lórí ná.

Ìdáhùn: Ìlànà inú ilé iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ìdá 15 ni lọ́dún 2016, wọ́n sọ ọ́ di 20 lọ́dún 2017. Àmọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ sọ lọ́dún 2018 pé òṣìṣẹ́ lè gba ohun tó kéré sí i. Ẹ dárúkọ iye tí agbára yín ká, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀.

Ìbéèrè: Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó orí ti fún ọ̀rẹ́ mi kan níbí ní àṣẹ ìdádúró, àwọn agbowó-orí tún padà wá bá a.

Ìdáhùn: Kó wo ọjọ́ tó wà lórí àṣẹ náà. 180 ọjọ́ ni wọ́n ń fúnni, àfikún rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ mú kó kọjá 365. Òfin tilẹ̀ sọ nígbà kan pé àṣẹ yóò kú lẹ́yìn náà bí ẹlẹ́jọ́ kò bá tiẹ̀ jẹ̀bi ìfàsẹ́yìn, kí ilé-ẹjọ́ tó ga jù tó fagi lé ìyẹn lọ́dún 2021. Kó tọrọ àfikún kí ọjọ́ tó pé, kí lọ́yà rẹ̀ má sì máa sún ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ síwájú.

Ìbéèrè: Èlé ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó sábà máa ń gùn lọ ní tirẹ̀. Owó orí tí ẹ kò bá jiyàn lé lórí, ẹ san án.