Ẹ̀yin Òbí Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Houston, Ẹ Má Tìtorí Ààlà Ìdìbò Gba Ilé

Ní oṣù kejì ọdún 2022, ọkùnrin kan tó ń bá ènìyàn wá ilé tẹ́ àwòrán ilẹ̀ aláwọ̀ mèremère sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀ níwájú èmi àti ìyàwó mi. Ó fi ìka tọ ìlà kan láti títì dé títì, ó sì sọ fún wa pé nítorí ìkànìyàn ọdún 2020, wọ́n ń tún ààlà ilé-ìwé pín, àti pé bí a bá gba ilé sí apá tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, ilé-ìwé tó dára jù ní agbègbè náà ni àwọn ọmọ wa yóò máa lọ. Owó ilé náà fi 350 dọ́là lóṣooṣù ju ti èyí tí a kọ́kọ́ rí lọ, síbẹ̀ a fọwọ́ sí ìwé ọdún kan. Nígbà tí mo mú àwọn ọmọ lọ forúkọ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ, akọ̀wé ilé-ìwé yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi, ó sì fi àwòrán ilẹ̀ méjì hàn mí. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹkùn tí a ti ń dìbò yan ọmọ ìgbìmọ̀ aláṣẹ ilé-ìwé, èkejì sì jẹ́ ti agbègbè tí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ti ń gba ọmọ. Nínú ti èkejì yìí, ilé-ìwé tí a ń sá fún gan-an ni ilé wa bọ́ sí. Nígbà tí ọdún fi pé, 4,200 dọ́là ti bá ọ̀rọ̀ náà lọ.

Ohun tí ìkànìyàn ń yí padà kò ju àwòrán àkọ́kọ́ lọ. Ní Texas, níbi tí wọ́n bá ti ń dìbò yan ọmọ ìgbìmọ̀ ní ẹkùn-ẹkùn, òfin sọ pé bí iye ènìyàn inú ẹkùn tó pọ̀ jù bá fi ohun tó lé ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti ẹkùn tó kéré jù, ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ tún ààlà pín. Ìpínlẹ̀ Texas yìí náà ni ẹjọ́ tó fẹsẹ̀ irú òfin bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ ti wá. Ní káúńtì Midland, ẹkùn kan ní ènìyàn tó lé ní 67,000 nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yòókù kò ní tó 1,000, tí gbogbo wọn sì ń yan aṣojú kọ̀ọ̀kan sí ìgbìmọ̀ káúńtì, títí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi fagi lé e ní ọdún 1968. Ìwúwo ìbò ni wọ́n ń pín dọ́gba, wọn kì í pín ọmọ sí kíláàsì níbẹ̀. Ààlà tí ilé-ìwé fi ń gba ọmọ máa ń yí padà nígbà tí wọ́n bá kọ́ ilé-ìwé tuntun, tí èyí tó wà bá kún àkúnya, tàbí tí wọ́n bá ti ọ̀kan pa, kò sì dúró de ìkànìyàn rárá.

Ẹ̀yin ará mi, kí ló dé tí a fi ń gba irú ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ lẹ́nu ẹni tí yóò jèrè níbẹ̀? Nílé, owó tí òbí bá ní ló ń sọ ilé-ìwé tí ọmọ yóò lọ, ṣùgbọ́n níbí àdírẹ́sì ni, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń fi àdírẹ́sì gbá wa mú. Pé lẹ́tà yín ń wọlé pẹ̀lú orúkọ Houston kò sọ pé ẹ wà lábẹ́ ilé-ìwé ìlú Houston, nítorí àwọn agbègbè ilé-ìwé mìíràn bí Alief, Katy, Fort Bend àti Cypress-Fairbanks wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Bí ẹ bá tẹ àdírẹ́sì ilé náà sórí ìkànnì ọ́fíìsì tó ń díye lé ilẹ̀ ní káúńtì yín, ẹ ó rí èyí tí ilé náà ń san owó orí fún. Ọ̀fẹ́ ni.

Bí wọ́n bá pe ìpàdé lórí ààlà ìdìbò, ẹ lọ, kí ẹ sì sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ green card lẹ ní. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó kí orúkọ yín tó wọ ìwé àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ sá fún un. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ẹ má sì dìbò, títí ẹ ó fi di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nítorí fọ́ọ̀mù tí ẹ ó fi tọrọ rẹ̀ yóò bi yín léèrè bóyá ẹ ti forúkọ sílẹ̀ tàbí dìbò rí, ìdáhùn kan ṣoṣo sì lè lé yín kúrò nílùú. Ní ti ìkànìyàn fúnra rẹ̀, gbogbo ẹni tó ń gbé inú ilé ni wọ́n ń kà, títí kan ọmọ ọwọ́ àti àbúrò tó ń fi físà gbé níbẹ̀, òfin kò sì gbà kí wọ́n fa orúkọ yín lé ìjọba lọ́wọ́ láti fi mú yín. Ọdún 2030 ni èyí tó kàn.

Ní ọdún tó kọjá, arábìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé pè mí, ó ní àjẹ́ńtì kan ti fi àwòrán ilẹ̀ han òun. Mo ní kó má fọwọ́ sí nǹkan kan, kó kọ í-méèlì sí ọ́fíìsì ilé-ìwé agbègbè náà, kó béèrè pé, “Ọmọ tó bá ń gbé ní àdírẹ́sì yìí, ilé-ìwé wo ni yóò wọ̀ ní oṣù kẹjọ?” Ọjọ́ méjì ni èsì fi dé. Ilé-ìwé tí ó ń fẹ́ kò gba ọmọ láti ẹ̀gbẹ́ títì tí ilé náà wà, ẹ̀gbẹ́ kejì ló ń gbà. Ẹ̀gbẹ́ kejì náà ló gbà sí, ó sì tẹ èsì náà sórí ìwé, ó fi há inú fáìlì ilé rẹ̀.